Ọdẹ́yalé àti Irin Pẹlẹbẹ Inú Ilé Ìwẹ̀

Ohun tí ẹ ti fura sí ni ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ, kí ẹni tó bá fẹ́ dìde lọ sí oko rẹ̀ lè tètè dìde. Òótọ́ ni. Ọdẹ́yalé ọmọ Ọdẹ́tòkun, tí ó pa ẹfọ̀n ní ìdojúkọ, tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìkookò mọ́lẹ̀ títí ìkookò fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó, ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé ikú máa ń yà fún òun lójú ọ̀nà, kì í ṣe ẹranko ló lé e wọ igbó àwọn iwin. Irin pẹlẹbẹ kan ni, tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ, tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ garawa omi nínú ilé ìwẹ̀. Kò ní eyín. Kò ní èékánná. Ojú kan ṣoṣo ló ní, abẹ́rẹ́ kan sì wà nínú ojú náà.

Títí di òní, ní ìlú Ìlóró, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, abẹ́ igi ìyeyè ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni Ọdẹ́yalé máa ń jókòó sí, tí tọmọdé tàgbà á pé jọ, tí yóò sì máa sọ ìtàn ìrìn-àjò náà. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò darúgbó. Ọdọọdún ni orí tuntun ń hù sí ọrùn àwọn iwin inú rẹ̀. Bí ó ti máa ń sọ ọ́ náà ni a ó ṣe tẹ̀ lé e, àfi níbi tó bá ti fo nǹkan kọjá. Àgbà tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ a máa fo koto bí ọmọ àgbọ̀nrín.

Olúọ́dẹ Ìlóró ló papò dà. Ẹgbẹ́ ọdẹ wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní Ọdẹ́yalé ni oyè kàn. Àṣà oyè náà kò le. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, ẹni tí yóò jẹ oyè á dúró lójú oórì olóògbé, á yin ìbọn ara rẹ̀ sókè, lẹ́yìn náà ọkùnrin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ á fi ọwọ́ kọ́ ọwọ́, ẹni náà á jókòó lé e, wọ́n á sì gbé e láti ibẹ̀ dé ọjà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà. Bó bá kàn án, ilẹ̀ ti kọ̀ ọ́ nìyẹn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ojú sùn ún, ṣe ni inú rẹ̀ ń dùn kiri, àfi ìgbà tí Ògúntúgà la ẹnu. Ògúntúgà yìí ni ọdẹ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tí ó bá ń lọ. Ó wo Ọdẹ́yalé láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, àwa mẹ́rin péré ló máa gbé ọ? Kí wọ́n tètè ránṣẹ́ sí oní-katapílà o." Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́yalé gan-an ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Nígbà tí ó délé, oorun kò kùn ún.

Ẹ sì wò ó, irin náà ti wà nílé. Mojírọ́lá ọmọ rẹ̀, tó ń gbé Ìbàdàn, ló mú un wá fún ìyá rẹ̀. Ó ní òṣùwọ̀n ni, pé ènìyàn máa ń gùn ún láìwọ bàtà, láìwọ aṣọ tó nípọn, á sì sọ bí ara ti wúwo tó. Ìbídùn, ìyá rẹ̀, gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ó tutù lẹ́sẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn lé e lórí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ Ògúntúgà, Ọdẹ́yalé kó ọṣẹ kúrò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọkọ ni. Kò kàn lè gun irin bẹ́ẹ̀ ṣá. Ta ló ni irin? Ṣebí Ògún ló ni ín. Ọmọ ọdẹ wo ni yóò wá dúró lórí irin Ògún ní ìhòòhò bí ọmọ ìkókó? Ó wọ gbérí rẹ̀, ẹ̀wù ọdẹ tí baba rẹ̀ wọ̀ kú, tí oǹdè àti àdó àti owó ẹyọ fi wúwo débi pé bí wọ́n bá sá a, okùn ìsáṣọ a máa já. Ó gbé àpò ẹ̀tù kọ́ apá kan, ó gbé àpò ọta kọ́ apá kejì. Ó fi àdá sí ìdí, ó fi ọ̀bẹ tì í. Ó gbé ìbọn ṣakabùlà lé èjìká. Ó kí irin náà bí a ti ń kí ọba, ó gùn ún. Abẹ́rẹ́ sá lọ bí ẹni tí a fi iná sí nídìí, ó dúró lórí àádọ́rùn-ún kílò ó lé mẹ́fà.

Ìbídùn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú omi gbígbóná lọ́wọ́. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá Mojí, gbogbo ẹrù ogun tó wà lára yín yìí ńkọ́?"

"Ìyá Mojí, ṣé o fẹ́ kí n dójú ti Ògún nínú ilé ìwẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n okùn ṣòkòtò yín nìyí." Obìnrin náà gbé omi kalẹ̀, ó di okùn náà mú. "Ẹ wo ojú kókó yìí. Ibi tí mo ti ń so ó láti ìgbà tí mo ti bí Mojí náà ni mo ṣì ń so ó. Ẹ ò sanra. Ẹ wá wẹ̀."

Ọdẹ́yalé rẹ́rìn-ín àánú. Ó ní ṣé láti Ìbàdàn ni okùn ti wá ni? Kí ni okùn mọ̀?

Láti ọjọ́ náà, ilé kò tòrò mọ́. Ọkùnrin tí kì í jí kó tó di ìgbà tí ebi bá jí i wá ń jí ṣáájú àkùkọ kó lè lọ bẹ irin wò. Á gùn ún kó tó tọ̀, á gùn ún lẹ́yìn tó bá tọ̀. Bó bá sín, á lọ wò ó bóyá ó ti dín. Bí abẹ́rẹ́ bá rẹlẹ̀ bí eyín èèrà, á sun ìjálá dé ojúde. Bó bá gòkè, ajá ilé á wá ibi sá sí. Ó yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, lẹ́yìn náà ó yọ ọbẹ̀ kúrò nínú oúnjẹ, lẹ́yìn náà ó fẹ́ yọ oúnjẹ kúrò nínú ayé. Kò ṣọdẹ mọ́, nítorí pé ta ni yóò máa ṣọ́ irin? Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni pé ẹni tó ru erin kì í fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Erin wà lórí Ọdẹ́yalé, ìyẹn oyè. Ìrẹ̀ ló ń wà kiri nínú ilé ìwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ kò kúrò lórí àádọ́rùn-ún ó lé, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí ó gùn ún láìgbé ìbọn.

Níkẹyìn ó gbọ́ pé lẹ́yìn gbogbo igbó tó ní orúkọ, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìyá Ìwọ̀n, òun ni Ẹlẹ́dàá ní kó pín ìwúwo fún gbogbo ohun tí ń bẹ láyé: òun ló fún òkúta ní tirẹ̀, tó fún ìyẹ́ ní tirẹ̀. Ọdẹ́yalé ní òun á lọ bẹ̀ ẹ́ kó bá òun bù kúrò nínú tòun kí iṣu tuntun tó jáde. Ìbídùn di ẹ̀kọ àti ẹran gbígbẹ fún un. Ó tú ẹran kúrò, ó tú ẹ̀kọ kúrò, ó gbé ewé lọ.

Bó ṣe rìn kò kàn wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín.

Ní ẹnu ibodè Igbó Àìpadàsẹ́yìn, iwin kan jókòó tó ní orí mẹ́ta lórí ikùn kan ṣoṣo. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ iṣu sísun, wọ́n sì ń bára wọn jà lórí ta ló jẹ ìjẹkújẹ tí ikùn fi rí bẹ́ẹ̀. Níbí ni Ọdẹ́yalé máa ń dúró díẹ̀ lábẹ́ igi ìyeyè, á wo ojú àwọn olùgbọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní nínú gbogbo wọn kò sí ẹni tí kì bá ti tọ̀ sára. Pé òun nìkan lòun dúró, tí òun pa iwin náà ní àlọ́ mẹ́ta, tí òun sì borí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iwin ló pa á ní àlọ́, àlọ́ kan náà sì ni.

Orí àárín ní, "À ń gùn ún lójoojúmọ́, kò gbé wa dé ibì kankan. Kí ni o?"

Ọdẹ́yalé ronú. Ó ní ẹṣin tó rọ lẹ́sẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá. Ó ní òkè ni. Wọ́n ní ẹni tó bá gun òkè dé orí òkè. Ó ní bóyá àkàbà tí a kò fi ti ara ògiri. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ wo ara wọn, wọ́n wo ìbọn èjìká rẹ̀, wọ́n wo gbérí, wọ́n wá fi ẹ̀rín bú jáde débi pé iṣu há wọn lọ́fun. Wọ́n ní kó kọjá, kó kọjá, pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ń gbé ilé òun fúnra rẹ̀, igbó kò lè ṣe é ní ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tí àlọ́ bá borí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀. Wọ́n gba àdá àti ọ̀bẹ. Bó ti ń lọ, ó ṣàkíyèsí pé ìrìn òun fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ igbó náà dára fún ara.

Ìlú tó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ibodè ni wọ́n ń pè ní Ìlú Fúyẹ́. Àìrìnjìnnà ni kì í jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ gbọ́. Àwọn ará ìlú náà tín-ín-rín débi pé òkúta ni wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé wọn lọ bọ́ sí abúlé ẹlòmíràn. Òṣùwọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Wọn kì í jẹ́ orúkọ; iye tí òṣùwọ̀n bá pè lówùúrọ̀ ni orúkọ ènìyàn lọ́jọ́ náà, ìdí nìyí tí ọkọ kì í fi mọ ìyàwó rẹ̀ bó bá di ọ̀sán. Bí wọ́n bá pàdé, wọn kì í bèèrè ilé, wọn kì í bèèrè ọmọ. "Ẹ kú òṣùwọ̀n o, èló la jẹ́ lónìí?" ni ìkíni wọn. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á se ọbẹ̀ aládùn, gbogbo ẹbí á yí i ká, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìlú náà sanra bí erin.

Ọdẹ́yalé rí obìnrin kan tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó bi í léèrè ẹni tó kú. Obìnrin náà ní ìrì ló sẹ̀ sí òun lórí, pé àárọ̀ ọjọ́ náà òun ti wúwo ju ti àná lọ, ojú òun kò sì lè gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọdẹ wa lọ́kàn. Ó ní ìlú ọlọ́gbọ́n nìyí, pé ará Ìlóró ì bá kọ́gbọ́n níbí.

Ọba wọn jókòó lórí òṣùwọ̀n. Ìtẹ́ rẹ̀ ni, kò sì jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nítorí ẹ̀rù pé bí òun bá tún padà gùn ún, iye náà á ti yí padà. Wọ́n ní kí àlejò gun ti àlejò. Abẹ́rẹ́ lọ sí ibi tí kò ti lọ rí nílùú náà. Obìnrin mẹ́ta dákú. Ọba ní kó má ṣe bínú, pé ohun gígùn èjìká rẹ̀ yẹn kò yẹ ènìyàn pàtàkì, kó bọ́ ọ sílẹ̀ kó sì tún gùn ún. Ọdẹ́yalé gbé ìbọn tí ó ti ń yìn láti ìgbà èwe rẹ̀ fún oníṣẹ́ ọba, ó gòkè. Abẹ́rẹ́ fà sẹ́yìn. Ó jó. Ó ní òun kò tí ì lo oògùn tó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Wọ́n gbé ìbọn náà kọ́ ara ògiri ààfin, Ọdẹ́yalé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì bá ọ̀nà lọ.

Kò pẹ́ tó tún fi já sí Ìlú Àkúnwọ́sílẹ̀. Nǹkan ńlá ló níyì níbí. Ẹnu ọ̀nà wọn fẹ̀ tó kí màlúù méjì wọlé ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n á tẹ ara wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ kíra wọn; ibi tí ìka bá rì sí jù ni ọlá wà. Ẹni tí kò bá sanra tó ń ki òwú bọ inú aṣọ. Ẹ má rò pé wọn kò ní òṣùwọ̀n o. Wọ́n ní in rẹpẹtẹ, wọ́n sì ń sunkún níwájú rẹ̀ bíi ti Ìlú Fúyẹ́ gẹ́lẹ́. Ibi tí abẹ́rẹ́ wọn ń lọ nìkan ló yàtọ̀.

Baálẹ̀ ibẹ̀ wo Ọdẹ́yalé, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, ebi ni àbí àìsàn?" Kò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n gbé iyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí òyà sùn sínú rẹ̀ láti orí dé ìrù. Ọdẹ́yalé ní òun kò jẹun. Ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọ wò kí wọ́n má bàa sọ pé òun gbéraga. Ó tọ́ ọ wò títí ó fi rí ìdí àwo. Wọ́n tún bù sí i, ó tún tọ́ ọ wò. Gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀, ìtọ́wò ló ń ṣe. Nínú ìtàn abẹ́ igi ìyeyè, ibí yìí ló ti bá ejò olórí méje jà. Kò sọ pé ìrù òyà ló gbá mú.

Wọ́n ní aṣọ ọdẹ tó wọ̀ há jù fún ọkùnrin gidi, kó bọ́ gbérí náà kí télọ̀ lè fi aṣọ kún un ní ẹ̀gbẹ́. Wọ́n kó àpò ẹ̀tù àti àpò ọta pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní wọ́n á fẹ àwọn náà lójú. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló wá rántí ìdí tí òun fi jáde nílé. Ó rántí irin. Ó rò ó pé òun ti di òkè. Ẹ̀rù bà á ju bí ẹ̀rù ẹfọ̀n ti bà á lọ, ó fò láti ojú fèrèsé (fèrèsé tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ọjà, kò ṣòro), bùbá àti ṣòkòtò nìkan ló wà lára rẹ̀. Gbérí baba rẹ̀ wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ó ní òun á tún un rán bí òun bá délé.

Ibi tó ti rí Ìyá Ìwọ̀n kì í ṣe ààfin. Etí odò kékeré kan ni. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Kò sanra, kò pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ara rẹ̀ rí bí ara. Àwọn nǹkan ayé tò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ wọn. Ìyẹ́ ní òun fẹ́ wúwo díẹ̀ kí wọ́n lè máa ka òun sí. Òkúta ọlọ kan ní òun fẹ́ kí wọ́n dín òun kù kí òun lè rìnrìn-àjò. Ìyá náà dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbé ojú sókè, ó sì lé wọn lọ sílé.

Nígbà tó kan Ọdẹ́yalé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ Ògúntúgà dé orí abẹ́rẹ́.

Ìyá náà bi í bóyá ó ṣì lè gun igi. Ọdẹ́yalé ní igi wo ni òun kò lè gùn ní Ìlóró? Ìyá náà ní bó bá gun òkè, ṣé èémí rẹ̀ ń já. Ọdẹ́yalé ní èémí òun kì í já, èémí òkè ló ń já. Oorun ńkọ́? Ó ní kó tó di pé irin wọlé, òun a máa sùn débi pé ìyàwó òun á fi ọwọ́ wádìí imú òun wò.

"Kí ló wá ń ṣe ọ́?"

"Iye náà ni, ìyá. Ó ń wò mí."

Ìyá Ìwọ̀n gbé atẹ kalẹ̀. "Gbọ́, ọmọ Ọdẹ́tòkun. Mo fún gbogbo nǹkan ní ìwúwo kí atẹ́gùn má bàa jí wọn lọ mọ́ mi lọ́wọ́. N kò fún wọn kí wọ́n máa fi ṣe ìyangàn, n kò sì fún wọn kí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀sín. Òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n ọ́, kò mọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní àìsàn, kó lọ wá oníṣègùn, kí oníṣègùn fi òṣùwọ̀n ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ jẹun, rìn, sùn. Bó bá di dandan kí o gun nǹkan náà, máa wò ó bí àgbẹ̀ ti ń wo ojú ọ̀run: á wò ó, á sì gba oko lọ."

Ọdẹ́yalé ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kí ìyá jọ̀ọ́ bá òun bù ú kúrò. Ìyá náà ní ó dára, kó yan èyí tí òun á mú: ṣé egungun ni, àbí ẹ̀dọ̀, àbí ìrántí ọbẹ̀ ìyá rẹ̀? Ọdẹ́yalé ro ti ẹ̀dọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wá ní òun kò yan ìkankan, ìyá náà wò ó, ojú rẹ̀ sì wá sórí èjìká rẹ̀ tó ṣófo.

"Ọdẹ, ìbọn rẹ dà?"

"Mo ti fi ìwúwo yẹn sílẹ̀ lọ́nà, ìyá."

Ìyá Ìwọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi odò fi dúró gbọ́ ọ. Lábẹ́ igi ìyeyè, wọn kì í gbọ́ nípa ẹ̀rín náà. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé ìyá náà fi ọwọ́ kan ọdẹ níwájú orí, ìwúwo sì ń dà lára rẹ̀ bí omi òjò lára ewé kókò.

Ó padà sílé. Kò kí ará ilé, kò mu omi. Ilé ìwẹ̀ ló gbà lọ tààrà, ó kó ọṣẹ àti kànìnkànìn tí Ìbídùn ti dá padà síbẹ̀ dànù, ó gun irin nínú bùbá àti ṣòkòtò. Kò kúkú sí nǹkan ọdẹ kankan lára rẹ̀ tí ì bá fi yẹ́ Ògún sí. Abẹ́rẹ́ lọ wọ́ọ́rọ́, ó dúró lórí ọgọ́rin kílò. Kílò mẹ́rìndínlógún ti bá igbó lọ. Igbe ayọ̀ tó ké, àwọn tó wà lóko rò pé iná ló jó.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́yalé máa ń parí ìtàn rẹ̀, á ní ẹni tó bá ní etí ti gbọ́, á sì béèrè omi. Àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́. Àwọn ará Ìlóró á máa wo ilẹ̀, nítorí pé gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ nígbà tí iṣu tuntun jáde.

Ẹgbẹ́ ọdẹ pé sójú oórì. Ọdẹ́yalé dé nínú agbádá funfun, ó ń rìn bí ẹni tí ń rìn lórí ìkùukùu. Ó ní kí àwọn tí yóò gbé òun kọ́kọ́ dán an wò kí Ògúntúgà rí i. Wọ́n dán an wò. Wọ́n gbé e sókè pẹ́ẹ́, ó fúyẹ́, kò sí ẹni tó mí kanlẹ̀ nínú wọn. Ó rẹ́rìn-ín sí Ògúntúgà láti òkè níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ká má purọ́, pé kò fúyẹ́ ju bó ti fúyẹ́ ní ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn gbé e kọjá odò tó kún. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.

Aṣípa, àgbà ọdẹ tó ń darí ètò náà, wúkọ́. Ó ní, "Ó tó. Ọdẹ́yalé, yìnbọn."

Ọwọ́ Ọdẹ́yalé lọ sí èjìká rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Ó lọ sí èjìká kejì. Níkẹyìn ó ní kí wọ́n yá òun ní ọ̀kan, pé ìbọn ni ìbọn ń jẹ́. Aṣípa bi í pé tirẹ̀ ńkọ́. Ó ní ó wà nílùú kan. Aṣípa ní ìlú wo? Ó ní ọ̀dọ̀ ọba kan ló wà, ọba ńlá, tó jókòó lórí ìtẹ́. Àwọn ọdẹ kò wo ojú ara wọn. Aṣípa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ aláìsàn sọ̀rọ̀, pé ìbọn tí kò bá mọ ohùn ènìyàn kì í pe oyè fún un. Ó wá yíjú sí ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ògúntúgà yin tirẹ̀. Igbó dáhùn. Ó jókòó lórí ọwọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n mí kanlẹ̀, òógùn bò wọ́n, ọ̀kan ní kí olúọ́dẹ jọ̀ọ́ má mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín, Ògúntúgà náà ń rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì lọ mì bọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ títí wọ́n fi dé ọjà.

Ọdẹ́yalé gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ìbídùn gbọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ó gbé omi gbígbóná lọ sí ilé ìwẹ̀, ó ní kí Bàbá Mojí wá wẹ̀, pé òun ti se iṣu tuntun. Ó bá a bọ́ agbádá. Ọkùnrin náà dúró bí igi, ojú rẹ̀ wà lára irin náà. Ó ní, "Ìyá Mojí, ṣùgbọ́n mo fọn. O rí i pé mo fọn."

Ìbídùn di okùn ṣòkòtò náà mú láti tú u. Kókó rẹ̀ wà níbi tí ó wà lọ́jọ́ tí ó kúrò nílé.